Ẹ Wo Gíga Kí Ẹ Tó Wo Jíjìn: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Ilẹ̀ Rùwáńdà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gun kẹ̀kẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn wá gbọ́ ohun tí a fẹ́ sọ, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni kí n sọ bí èèyàn ṣe lè yan ọ̀nà tí yóò fi kẹ̀kẹ́ la ilẹ̀ olókè kọjá, ní ìgbèríko tí oko àti abúlé ti pọ̀ ju ìlú ńlá lọ. Rùwáńdà ni mo mú ṣe àpẹẹrẹ. Títì ọlọ́dà tó dán, òkè tí kò lópin, àti àwọn èèyàn tí kẹ̀kẹ́ jẹ́ ara ayé wọn láti ìgbà pípẹ́, ibẹ̀ ni mo ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú kan náà.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló wo ìdíje àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Kigali láti ọjọ́ 21 sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Láti 1921 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí yóò dé ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀nà tí àwọn ọkùnrin sá lọ́jọ́ ìkẹyìn jẹ́ kìlómítà 267.5. Àwọn eléré ìdárayá wọ̀nyẹn ti sá ohun tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ rí, ìyẹn ò bà wọ́n lẹ́rù. Ohun tó pa wọ́n ni pé bí a bá ro gbogbo òkè tí wọ́n gùn lọ́jọ́ náà pọ̀, mítà 5,475 ni. Karisimbi, òkè tó ga jù lọ ní Rùwáńdà, mítà 4,507 ló fi ga ju òkun lọ. Ẹ wá rò ó wò: láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n gun ohun tó ju gíga Karisimbi lọ, orí títì ìgboro ni wọ́n sì ti gùn ún. Àwọn 165 ló gbéra, ọgbọ̀n péré ló parí. Tadej Pogačar, ọmọ Slovenia, ló gbégbá orókè. Orí òkè tí wọ́n ń pè ní Mont Kigali ló ti kọ́kọ́ já àwọn yòókù sílẹ̀, nígbà tó ṣì ku bíi kìlómítà 100 kí eré parí. Òkè náà gùn ní kìlómítà 5.9, ó sì ga ní ìdá 6.9 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé bí wọ́n bá rin 100 mítà, wọ́n ti gòkè ní bíi mítà 7. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún kan Mur de Kigali, tí kò ju 400 mítà lọ, òkúta ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì fi ga.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ ibi tí mo ń lọ. Ní ilẹ̀ olókè, kìlómítà kọ́ ni wọ́n fi ń mọ bí ọ̀nà ṣe le tó, gíga ni. Àwọn tó sì mọ gíga ọ̀nà Rùwáńdà jù lọ, tí a gbọ́dọ̀ wo ẹsẹ̀ wọn kí a tó yan ọ̀nà, ni àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ẹrù lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí eré ìdíje tó dé.

Rùwáńdà kò tóbi. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ju kìlómítà oníbùú-òun-òró 26,338 lọ, kò tilẹ̀ tó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa. Àmọ́ ibi tó relẹ̀ jù níbẹ̀, ní àfonífojì odò Rusizi lápá gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ṣì fi nǹkan bíi 950 mítà ga ju òkun lọ. Lápá ìwọ̀ oòrùn, ọ̀wọ́ òkè gígùn kan na tàntàn láti àríwá dé gúúsù, òun ló sì pín omi orílẹ̀-èdè náà sí méjì. Òjò tó bá rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan á ṣàn wọ adágún Kivu, á gba odò Rusizi dé adágún Tanganyika, á sì di omi odò Kóńgò níkẹyìn. Èyí tó bá rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì á wọ odò Nyabarongo, á gba Akagera dé adágún Victoria, á bá odò Náílì lọ títí dé Íjíbítì.

Ọ̀rọ̀ omi yìí kan ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ gan-an. Odò ló ń gbẹ́ ilẹ̀ olókè. Bí omi ṣe ń sáré láti orí ọ̀wọ́ òkè yẹn sí ọ̀tún àti sí òsì láti àìmọye ọdún, ó ti gé ilẹ̀ náà sí àfonífojì lórí àfonífojì. Ọ̀nà tó bá ń tẹ̀lé odò kan ṣoṣo kì í le, díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè. Ọ̀nà tó bá dábùú àwọn odò ni iṣẹ́ wà níbẹ̀: á sọ̀ kalẹ̀ dé bèbè, á kọjá lórí afárá, á tún pọ́n òkè kejì, á tún sọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá tẹ́ máàpù sílẹ̀, kí ẹ tó wo kìlómítà, ẹ ka àwọn ìlà omi tí ọ̀nà yín máa gbà kọjá. Iye ìgbà tí ẹ bá rékọjá omi, iye ìgbà yẹn ni ẹ máa gun òkè. Ìmọ̀ kékeré yìí ti gbà mí lọ́wọ́ ìyà tó pọ̀, mo sì ka á sí pàtàkì ju ẹ̀rọ olówó ńlá èyíkéyìí tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí wọ́n bá ní òkè kan jẹ́ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí o bá rin 100 mítà, o ti gòkè ní mítà 8. Ká ní ìwọ àti kẹ̀kẹ́ rẹ jọ wúwo tó kílò 80. Láti gbé ìwúwo yẹn gòkè ní 1,000 mítà, iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ máa ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlójúùlù 785. Ara kì í sì í sọ gbogbo oúnjẹ di iṣẹ́. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló ń dé orí pẹ́dàlì, ooru ni ìyókù ń dà. Bí a bá ro èyí mọ́ ọn, ara rẹ máa jó oúnjẹ tó tó kálórì 750 lórí gíga nìkan, láìka ti jíjìn ọ̀nà àti atẹ́gùn tó ń ta kò ọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ bíi mẹ́jọ nìyẹn. Ọpẹ́ ni pé wọ́n ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà káàkiri Rùwáńdà. Ẹni tí kò bá jẹun kí ebi tó pa á lórí òkè yóò rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ á kàn kọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìyànjú tó máa ń tún un ṣe.

Gíà ńkọ́? Mo máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ra kẹ̀kẹ́ ìdíje, tí gíà rẹ̀ ń bá títì gbọọrọ mu, tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí òkè. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí eyín gíà iwájú bá jẹ́ 34, tí tẹ̀yìn náà jẹ́ 34, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí pẹ́dàlì bá yí po, táyà á yí po lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì lọ síwájú ní nǹkan bíi mítà 2.1. Bí ẹ bá ń yí i ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, eré yín á jẹ́ kìlómítà 7.5 ní wákàtí kan. Lórí òkè tó jẹ́ ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tí ara rẹ̀ dá lè fara dà á. Bí iwájú bá jẹ́ 42 tí ẹ̀yìn jẹ́ 25, tí ẹ ṣì fẹ́ máa yí pẹ́dàlì bẹ́ẹ̀, agbára tí ẹ máa nílò á fi bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta lé sí i. Orúnkún ló máa san gbèsè yẹn. Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́ nìgbín fi ń gungi, kò sí ibi tí òwe náà ti bá ọ̀rọ̀ mu tó orí òkè.

Afẹ́fẹ́ náà ń kó ipa tirẹ̀. Kigali fi ohun tó lé ní 1,500 mítà ga ju òkun lọ. Ẹni tó bá ti Èkó dé ibẹ̀, tó sì fẹ́ gun òkè lọ́jọ́ kejì, yóò máa mí hẹlẹ hẹlẹ, yóò sì rò pé àìsàn ló dé. Àìsàn kọ́. Ní ibi tó ga tó 2,400 mítà, agbára afẹ́fẹ́ ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti etí òkun. Ẹ fún ara yín ní ọjọ́ mélòó kan kó mọ́ yín lára, kí ẹ tó gbé òkè ńlá kalẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ojú ọ̀nà. Ìlà oòrùn ni kí n kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀: láti Kigali lọ sí Rwamagana àti Kayonza, òkè ibẹ̀ rọra ń gòkè ni, ó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó fẹ́ dán ẹsẹ̀ wò. Gúúsù, láti Kigali gba Muhanga dé Huye, òkè pọ̀ díẹ̀ sí i, kò sì sí èyí tó burú. N kò ní pẹ́ lórí àwọn yẹn.

Ọ̀nà Kigali sí Musanze ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Kò pé kìlómítà 100. Ẹni tó bá fi kìlómítà wò ó, á ní ọjọ́ kan tán, òun á sì dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Ẹ jẹ́ ká fi omi wò ó. Ẹ jáde ní Nyabugogo, níbi tí ọkọ̀ èrò ti ń kó èèyàn káàkiri orílẹ̀-èdè, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé odò Nyabugogo, ẹ kọjá afárá. Láti ẹsẹ̀ afárá yẹn ni òkè Shyorongi ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ibi tí èèyàn ti lè mí títí á fi jìn. Kọ́nà lórí kọ́nà. Bí ẹ bá bojú wẹ̀yìn, odò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ti wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, oko sì wà ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n ti gé ilẹ̀ rẹ̀ ní ìpele ìpele kí ọ̀gbàrá má baà gbé e lọ. Lẹ́yìn Rulindo, ọ̀nà tún sọ̀ lọ sí Base àti Gakenke. Àfonífojì tún nìyẹn. Láti ibẹ̀ ni òkè Buranga ti ń dúró dè yín, ó sì gùn. Ìgbà tí ẹ bá ti gun Buranga tán ni ilẹ̀ á ṣí sílẹ̀, tí ẹ ó rí àwọn òkè ayọnáyèéfín níwájú, Muhabura lápá ọ̀tún, Karisimbi lọ́nà jíjìn lápá òsì. Musanze wà ní nǹkan bíi 1,850 mítà, òtútù ibẹ̀ a sì máa mú èèyàn lálẹ́. Ẹ mú aṣọ òtútù dání.

Ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ ìpele ìdíje kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́ púpọ̀ tí wọ́n ń pè ní Tour du Rwanda máa ń gbà, kì í sì í ṣe nítorí ẹwà rẹ̀ nìkan. Òkè méjì tó gùn, tí àfonífojì sì wà láàárín wọn, máa ń fi ẹni tó lágbára hàn. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára rẹ̀ gun Shyorongi, Buranga ló máa tú àṣírí rẹ̀.

Musanze sí Rubavu jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 60. Òun ló rọrùn jù nínú àwọn ọ̀nà àríwá, ó sì ṣe mí bíi kí gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ sí Rùwáńdà gba ibẹ̀. Ọ̀nà náà ń gòkè pẹ̀lẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn òkè ayọnáyèéfín dé Mukamira, tó lé ní 2,200 mítà, ó kọjá Bigogwe tí màlúù ti ń jẹ koríko lórí pápá tútù, lẹ́yìn náà ló wá ń sọ̀ títí dé etí adágún Kivu. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó sì lọ́ràá, ara ohun tí iná abẹ́ ilẹ̀ tú jáde láyé àtijọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ànàmọ́ òyìnbó fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀, tí ẹ ó sì máa rí àpò rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ títí dalẹ́.

Láti Rubavu, bí ẹ bá fẹ́ gba etí adágún lọ sí gúúsù, ọ̀nà Rutsiro, Karongi, Nyamasheke dé Rusizi nìyẹn. Ibí yìí ni ìmọ̀ nípa omi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti wúlò jù. Gbogbo èèyàn ló máa ń rò pé ọ̀nà etí omi gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Adágún Kivu tẹ́jú lóòótọ́, ojú omi rẹ̀ wà ní 1,460 mítà, kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀. Àmọ́ gbogbo odò kéékèèké tó ń ti ọ̀wọ́ òkè ńlá wọnú adágún ló dábùú ọ̀nà yín. Ẹ ó gòkè lọ sí orí èjìká òkè, ẹ ó rí erékùṣù àti ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja nísàlẹ̀, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ dé inú àfonífojì, ẹ ó tún gòkè. Báyìí ni títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí òkè kan níbẹ̀ tó burú lójú ara rẹ̀. Iye wọn ló ń pa èèyàn. Ẹni tó bá pín in sí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa gbádùn rẹ̀. Ọ̀nà erùpẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Congo Nile Trail náà wà níbẹ̀, kìlómítà 227 láti Rubavu dé Rusizi, ó sì súnmọ́ abúlé àti omi ju títì ọlọ́dà lọ. Táyà tín-ín-rín kò lè gbà á, kí ẹni tí táyà rẹ̀ fẹ̀ gbìyànjú ẹ̀.

Ní Karongi, ẹ sinmi. Lábẹ́ adágún yẹn ni gáàsì mẹ́táànì wà lọ́pọ̀ yanturu, láti 2016 sì ni ilé iṣẹ́ KivuWatt ti ń fà á jáde níbẹ̀ láti fi ṣe iná mànàmáná. Kò kan kẹ̀kẹ́, àmọ́ inú mi dùn láti mọ̀ pé omi tí mo ń wò látorí òkè ló ń tan iná ilé tí mo sùn sí lágbègbè yẹn.

Ọ̀nà tí mo wá fẹ́ràn jù ni Huye sí Rusizi, èyí tó la igbó Nyungwe já. Igbó náà fẹ̀ ju kìlómítà oníbùú-òun-òró 1,000 lọ, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2023. Ọ̀nà yìí kò dà bíi ti etí adágún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kọjá ọ̀wọ́ òkè ńlá tó pín omi sí méjì, ìdí nìyẹn tí òkè rẹ̀ fi gùn, àmọ́ tí kì í já èèyàn láyà. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ igi ńláńlá, ọ̀bọ ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, kùrukùru a sì máa bo kọ́nà lójijì. Kò sí abúlé nínú igbó náà. Ẹ ra omi àti oúnjẹ kí ẹ tó wọ ọ́. Bí ẹ bá jáde ní apá kejì, oko tíì ni ẹ máa kọ́kọ́ rí ní Gisakura, àwọ̀ ewé rẹ̀ tàn débi pé ojú máa ń dùn ún wò lẹ́yìn òkùnkùn igbó.

Wàyí o, àwọn tó ni ọ̀nà. Mo ti pè wọ́n ní àwọn tó ń gbé ẹrù, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kẹ̀kẹ́ irin tó wúwo, gíà kan ṣoṣo. Àpò ànàmọ́ òyìnbó méjì, nígbà míì mẹ́ta, lórí rẹ̀. Tàbí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí kẹ́ẹ̀gì wàrà. Wọn kì í gun òkè pẹ̀lú ẹrù yẹn rárá. Wọ́n ń bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń tì í, ọ̀kan dì í lọ́wọ́ mú níwájú, ìkejì, tó jẹ́ ọmọdékùnrin lọ́pọ̀ ìgbà, á ti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, wọ́n á gùn ún. Bí ọ̀nà bá sọ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á ṣọ́ bíréèkì. Àwọn mìíràn a máa di ẹ̀yìn tírélà mú kó fà wọ́n gòkè; ìyẹn ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn, n kò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ṣe é. Àwọn kan ń fi kẹ̀kẹ́ gbé èrò, kúṣìnnì wà lẹ́yìn fún èrò láti jókòó. Kí kẹ̀kẹ́ irin tó pọ̀, àwọn ará abúlé ń fi igi gbẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì igi, kò sí pẹ́dàlì, kò sí ṣéènì. Wọ́n ń fi gbé ẹrù lọ sí ọjà lórí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ẹ wo ibi tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ti ń sinmi. Bí wọ́n bá ti ṣàn jọ sí ibì kan, tí kẹ̀kẹ́ ti sùn ti ògiri, ẹ mọ̀ pé òkè ńlá ló wà níwájú, omi àti oúnjẹ sì wà nítòsí. Bí wọ́n bá yà kúrò lórí títì wọ ọ̀nà erùpẹ̀, ẹ béèrè ìdí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà yẹn ló ń tẹ̀lé odò tí títì kọ̀ láti tẹ̀lé, òun ló sì rọ̀ jù. Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ ti 100 kílò kì í yan ọ̀nà tó le bí èyí tó rọ̀ bá wà. Máàpù kan kò lè sọ ohun tí wọ́n mọ̀ fún yín.

Inú iṣẹ́ yìí ni eré ìdíje ti jáde, mo sì fẹ́ kí a mọ̀ ọ́n. Ní 2005, Tom Ritchey, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe kẹ̀kẹ́ òkè ní Amẹ́ríkà, dé Rùwáńdà. Ó rí àwọn àgbẹ̀ kọfí tó ń ti kẹ̀kẹ́. Èso kọfí kò ṣe é fi pamọ́. Bí wọ́n bá ti já a, ọjọ́ yẹn náà ló yẹ kó dé ibi tí wọ́n ti ń bó o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kan, owó rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Ọ̀nà tó jìn sí ibi ìbókọfí jẹ́ òfò fún àgbẹ̀. Ni ó bá ṣe kẹ̀kẹ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tó lè gbé àpò kọfí, tí gíà rẹ̀ sì lè gun òkè. Ní 2006, wọ́n ṣe ìdíje kan tí kẹ̀kẹ́ onígi náà kópa nínú rẹ̀. Jonathan Boyer, ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó sá Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, ní 1981, bá wọn dé ibẹ̀, lẹ́yìn náà ló sì kó ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ Rùwáńdà jọ. Nínú àwọn ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ kó jọ, àwọn kan ti ń fi kẹ̀kẹ́ gbé èrò jẹun. Ẹsẹ̀ wọn ti ṣe tán kí olùkọ́ tó dé. Adrien Niyonshuti jáde láti inú ẹgbẹ́ yẹn, ó gbé àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Òlíńpíìkì London ní 2012, ó sì sá eré kẹ̀kẹ́ òkè níbẹ̀.

Tour du Rwanda ti wà láti 1988, 2009 ló sì di ìdíje tí àjọ kẹ̀kẹ́ àgbáyé fọwọ́ sí. Láti 2014 dé 2018, ọdún márùn-ún gbáko, àwọn ọmọ Rùwáńdà ló gbà á: Valens Ndayisenga lẹ́ẹ̀mejì, Jean Bosco Nsengimana, Joseph Areruya, Samuel Mugisha. Nígbà tí wọ́n gbé ìdíje náà sí ìpele tó ga ní 2019, àwọn ẹgbẹ́ ńlá láti ilẹ̀ òkèèrè wọlé, títí dé 2025 ọmọ ilẹ̀ náà kankan kò tíì tún gbà á. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n àwọn tó tò sí ẹ̀bá ọ̀nà láti wò ó kò dín kù, kò sì sí ibòmíràn tí mo ti rí i kí gbogbo abúlé pa iṣẹ́ tì nítorí kẹ̀kẹ́. Wọ́n mọ ohun tí òkè náà ń gbà lára èèyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó gbẹ̀yìn bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ṣíwájú.

Àwọn nǹkan kan tí ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ mọ̀. Òjò ńlá ń rọ̀ láti oṣù Kẹta dé oṣù Karùn-ún, òmíràn ń rọ̀ láti ìparí oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kejìlá. Ẹ má fi òjò oṣù Kẹrin àti Karùn-ún ṣeré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìkún omi àti òkè tó ya lulẹ̀ pa èèyàn tó lé ní 130 ní ìwọ̀ oòrùn àti àríwá, lórí àwọn ọ̀nà kan náà tí mo ń sọ yìí. Oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ló dára jù. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà bíi tiwa. Àárọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìlú ló ń jáde fún iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tí wọ́n ń pè ní umuganda, ọkọ̀ á dúró. Ẹ má ṣètò ìrìn àjò sí àárọ̀ yẹn. Láti 2016, àwọn ọjọ́ Àìkú kan wà tí wọ́n máa ń ti àwọn títì Kigali kan pa mọ́ ọkọ̀, tí wọ́n á fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń rìn, tó ń sáré, tó ń gun kẹ̀kẹ́.

Ewu tó pọ̀ jù wà nínú sísọ̀kalẹ̀, kì í ṣe nínú gígòkè. Ẹ má di bíréèkì mú láìfi sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, irin á gbóná, agbára rẹ̀ á sì dín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó wọ kọ́nà, ẹ fi sílẹ̀ bí ẹ bá ń jáde. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ewúrẹ́, ọmọdé, tírélà tó ń gòkè ní àárín títì, àti ẹni tó gbé àpò mẹ́ta tí kò lè yà lójijì. Tirẹ̀ le ju tiyín lọ. Ẹ fún un lọ́nà.

Ẹ̀yin ará ilé, òkè wà nílé wa náà. Láti Erinmọ gba Èrìn-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, láti ibẹ̀ bọ́ sí Òkè-Mẹ̀sí tàbí sí Ìkọ́gòsì, ìwọ̀nyí jẹ́ ọ̀nà tí èèyàn lè fi kẹ̀kẹ́ gùn, kò sì sí ẹni tó tíì kọ gíga wọn sílẹ̀ fún àwa agunkẹ̀kẹ́ dáadáa. Wọn kò ga bíi ti Rùwáńdà. Àmọ́ odò ń gbẹ́ ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bó ṣe ń gbẹ́ ti ibẹ̀, àwọn ìyá tó ń gbé iṣu àti kòkó jáde láti oko sì mọ ọ̀nà tó rọ̀ àti èyí tó le. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí àwọn tó ń gbé ní agbègbè yẹn nínú yín bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí, mítà mélòó ló fi ga, afárá mélòó ló wà láàárín, ibo ni omi wà, ibo ni títì ti bàjẹ́. Ìwé kékeré kan àti fóònù tó ń wọn gíga ti tó. Ẹ mú un wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀, a ó jọ tò ó pọ̀. Ẹ ṣé tí ẹ gbọ́ mi. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́.